“Obìnrin Tàbí Òrìṣà”: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Ère Amọ̀ Tó Jókòó ní Ilẹ̀ Gíríìsì Àtijọ́

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi ìkíni yẹn ṣíde ọ̀rọ̀ ni. Láàárín wa, ẹni tó jókòó ni à ń kí. Ẹni tó ń ti ìta bọ̀ ló gbọ́dọ̀ yanu kí i. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn lónìí ti wà lórí ìjókòó láti nǹkan bí 2,500 ọdún, wọn ò sì tíì dìde. Obìnrin ni gbogbo wọn. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ga tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 25, ìyẹn ni pé àgbà inú wọn kò ju ìgò bíà kan lọ.

Ẹ̀yìn gíláàsì mùsíọ̀mù ni mo ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan lójúkojú. Ó jókòó sórí àga tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Ó kó ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ sórí àpótí ìtìsẹ̀, ó tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún, aṣọ bò ó lórí dé èjìká. Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n fi ìwé pélébé kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Obìnrin tó jókòó, tàbí òrìṣà.” Mo dúró, mo ń wo “tàbí” yẹn. Ṣé bí ẹni ń sọ pé ẹ̀bà tàbí àmàlà ni? Ẹni tó gbé ère yìí lọ sí ojúbọ mọ ohun tó gbé dání. Kí ló wá dé tí àwa tí a kàwé rẹpẹtẹ kò mọ̀ ọ́n? Orí “tàbí” yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi máa dúró sí.

Kí n tó lọ jìnnà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi mí léèrè àwọn orí amọ̀ Ifẹ̀ o. Ọjọ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ sì wà.

Láàárín nǹkan bí ọdún 550 sí 450 ṣáájú ìbí Kristi ni irú ère yìí gbòde jù. Àwọn ìlú Gíríìkì tó wà létí òkun níbi tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, àti àwọn erékùṣù bíi Samos àti Rhodes, ni wọ́n ti ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ yanturu. Láti ibẹ̀ ló ti wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti hú u jáde ní Áténì, ní Kirene ní ilẹ̀ Líbíà, ní Naukratis tí àwọn oníṣòwò Gíríìkì tẹ̀ dó sí ní Íjíbítì, ní Sísílì, àti ní gúúsù Ítálì. Wọ́n bá a ní ojúbọ, wọ́n bá a nínú sàréè. Nígbà tí Biliotti àti Salzmann ń walẹ̀ ní Kamiros ní Rhodes láàárín àwọn ọdún 1860, inú ibojì ni wọ́n ti ń kó o jáde. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n rí wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù di òní.

Ẹni tó ń ṣe ère yìí, àwọn Gíríìkì ń pè é ní koroplathos. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀: kore, tó jẹ́ ọmọbìnrin tàbí ọmọláńgidi, àti ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kéèyàn fọwọ́ mọ nǹkan. Ẹ jẹ́ ká kúkú pè é ní amọmọláńgidi. Orúkọ náà kò ní àpọ́nlé kankan nínú. Ní nǹkan bí ọdún 354 ṣáájú ìbí Kristi, Isocrates, ògbóǹtarìgì olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ní Áténì, ń ráhùn pé àwọn èèyàn ń fojú tín-ín-rín iṣẹ́ òun. Ó ní ó dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá láyà láti pe Phidias, ẹni tó ṣe ère Athena, òrìṣà obìnrin tó ni Áténì, ní koroplathos. Èébú gidi ni! Nítorí náà, ẹni tó mọ àwọn ère tí à ń gbé sẹ́yìn gíláàsì báyìí, lójú àwọn ọlọ́lá ìlú rẹ̀, kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń ṣe nǹkan ìṣeré ọmọdé.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Ọ̀gá á fọwọ́ mọ ère kan dáadáa. Á wá fi amọ̀ tútù bo iwájú rẹ̀, á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn kí amọ̀ náà lè gba àwòrán rẹ̀, á ká a kúrò, á sun ún. Ìyẹn ti di mọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ náà lọ, ọmọṣẹ́ tí kò lè mọ imú kan ṣoṣo lè máa tẹ amọ̀ sínú mọ́ọ̀dù yìí láti àárọ̀ di alẹ́. Bí amọ̀ bá ti gbẹ díẹ̀, á fà kúrò lára mọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ère á sì jáde. Amọ̀ pẹlẹbẹ ni wọ́n máa ń fi dí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á sì dá ihò sí i kí ooru lè ríbi gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á bẹ́ mọ́ inú iná. Ibi ẹ̀yìn yẹn ló dùn mọ́ mi jù láti wò, torí ẹnikẹ́ni kì í tún un ṣe: ipa àtàǹpàkò àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ṣì wà lára amọ̀ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Kí wọ́n tó sun ún, wọ́n á rì í sínú omi ẹfun. Ó di ẹ̀yìn iná kí wọ́n tó kùn ún: pupa fún ètè àti àga, búlúù fún aṣọ, dúdú fún ẹyinjú. Ọ̀dà tí kò bá ère wọ iná kì í pẹ́ ṣí, ilẹ̀ sì ti jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí àwọ̀ wọn ṣe ṣá lónìí, bí ìṣáasùn àtijọ́, ilẹ̀ ló fà á. Nígbà tí wọ́n délé ayé, wọ́n dán, wọ́n ṣàràbarà.

Ẹ bá mi fara balẹ̀ díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ mọ́ọ̀dù yìí, torí ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Amọ̀ máa ń sún kì bó bá gbẹ tó sì wọná, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, bí irú amọ̀ náà bá ṣe rí. Ká ní ère kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 20. Oníṣòwò rà á ní Rhodes, ó gbé e dé Sísílì. Amọmọláńgidi ibẹ̀ rí i, ó ní “èyí á tà,” ó bá fi ère náà gan-an ṣe mọ́ọ̀dù tirẹ̀. Mọ́ọ̀dù yẹn sún kì, ó di 18. Ère tó ti inú rẹ̀ jáde tún sún kì, ó di 16. Bí ará àdúgbò rẹ̀ bá tún jí èyí lò, ọmọ-ọmọ á bọ́ sí 13. Bẹ́ẹ̀ ni imú á máa tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ìṣẹ́po aṣọ á máa parẹ́, ẹ̀rín ẹnu á di ìlà lásán. Elisabeth Jastrow, ọmọ Jámánì tí ìjọba Hitler lé dé Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó la ọ̀nà bí a ṣe ń wọn ère wọ̀nyí láti to ìdílé wọn: èyí ni ìyá, èyí ni ọmọ, èyí ni ọmọ-ọmọ tó wà ní ìlú mìíràn. Onímọ̀ lè di àwọn ère méjì mú, ọ̀kan láti Rhodes, ọ̀kan láti Sísílì, kó sì sọ pé ẹbí ni wọ́n.

Ẹ wá bi ara yín: nígbà tí mọ́ọ̀dù yẹn wọ ọkọ̀, òrìṣà wo ló bá a wọ ọkọ̀? Kò sí. Amọmọláńgidi fẹ́ tajà ni. Obìnrin tó fẹ́ lọ sọ́dọ̀ Hera, òrìṣà ìgbéyàwó, máa ra ọ̀kan, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ Demeter, òrìṣà ọkà, máa ra ọ̀kan, èyí tó ń sin òkú ọmọ rẹ̀ máa ra ọ̀kan. Bí oníbàárà bá fẹ́ ohun tó ṣe pàtó, wọ́n lè fi ọwọ́ fi nǹkan kún un: àdàbà sí ọwọ́ rẹ̀, èso pómégíránétì, ọmọ jòjòló sórí itan, fìlà gíga tó rí bí agolo. Lára àwọn tí wọ́n rí lórí òkè Akropolis ní Áténì, àwọn kan wà tí wọ́n lẹ orí Gorgon, iwin obìnrin tí irun rẹ̀ jẹ́ ejò, mọ́ láyà. Àmì Athena nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ yọ orí Gorgon yẹn kúrò, ẹ máa bá obìnrin kan náà tó jókòó ní ìlú mẹ́wàá mìíràn.

Ẹnì kan lè sọ pé àga fúnra rẹ̀ ti tó ẹ̀rí, pé òrìṣà nìkan ló ń gúnwà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ojúbọ Hera ní Samos, ní nǹkan bí ọdún 560 ṣáájú ìbí Kristi, agbẹ́gilére kan (òkúta ló ń gbẹ́ o, kì í ṣe igi) tó ń jẹ́ Geneleos to ère ìdílé kan sí etí ọ̀nà. Ìyá wọn ló jókòó ní ìkángun kan, orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀ ketekete: Phileia. Abiyamọ ọlọ́rọ̀ ni, kì í ṣe òrìṣà. Ní Áténì ẹ̀wẹ̀, agbẹ́gilére mìíràn, Endoios, gbẹ́ Athena lórí ìjókòó. Àga kan náà ló gba àwọn méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìjókòó kì í ṣe ti ọlá nìkan. Nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, nígbà tí ogun le mọ́ ìlú Troy, Hekabe ayaba ibẹ̀ mú aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀, àwọn ìyá ìlú sì gbé e lọ sí ilé Athena. Theano, abọrẹ̀ obìnrin, tẹ́ aṣọ náà sórí orúnkún ère. Orúnkún! Ère tó dúró kò ní ibi tí wọ́n ń tẹ́ aṣọ sí. Ẹni tó jókòó ló ní itan, ẹni tó ní itan ló lè gba nǹkan. (Athena kọ ẹ̀bẹ̀ náà, ṣùgbọ́n aṣọ ti wà lórí itan rẹ̀.) Mo rò pé ìdí tí àwọn èèyàn fi fẹ́ràn ère tó jókòó nìyẹn. Ó ti ṣetán láti gbà.

Nínú orin ìyìn àtijọ́ tí wọ́n kọ fún Demeter, ìjókòó di nǹkan mìíràn. Hades, ọba àwọn òkú, ti gbé Persephone ọmọ Demeter lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀. Demeter sọ ara rẹ̀ di arúgbó, ó ń rìn kiri, ó dé ìlú Eleusis nítòsí Áténì. Metaneira, ìyàwó ọba, dìde fún un, ó fún un ní àga tirẹ̀ tó ń dán. Demeter kọ̀. Ó dúró, ó gbójú sílẹ̀, títí ìránṣẹ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Iambe fi gbé àpótí kékeré wá tó sì tẹ́ awọ àgùntàn funfun lé e. Ìgbà náà ló jókòó. Ó fi aṣọ bo ojú, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kò jẹun, títí Iambe fi dápàárá tó pa á lẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni àwọn obìnrin máa ń ṣe àjọ̀dún Thesmophoria fún un, ọkùnrin kì í yọjú síbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣe é ní Áténì. Ní ọjọ́ kejì, ààwẹ̀ ni, Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì kan, sì sọ fún wa pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn obìnrin náà máa ń jókòó sí. Mo máa ń fojú inú wò wọ́n: ìyàwó olówó àti ìyàwó àgbẹ̀ lórí ilẹ̀, pẹ̀lú ebi nínú, tí ère amọ̀ kékeré tí ẹnì kan fi tọrẹ níbẹ̀ ṣì gúnwà sórí àga.

Ibi tí àjọ̀dún yẹn ti fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ jù fún wa ni Bitalemi. Òkè kékeré kan ni, lẹ́nu odò, lẹ́yìn ìlú Gela ní gúúsù Sísílì. Àwọn ará Rhodes àti Kírétè ló tẹ Gela dó ní ọdún 688 ṣáájú ìbí Kristi. Paolo Orsi walẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀ ní 1901. Ní àwọn ọdún 1960, Piero Orlandini padà lọ walẹ̀ dé ibi iyanrìn. Ohun tó bá níbẹ̀ pọ̀: ìkòkò tí wọ́n dojú wọn délẹ̀ sínú iyanrìn, ọ̀bẹ, irin ìtúlẹ̀, egungun ẹran tí wọ́n jẹ kù. Ère amọ̀ wà lóríṣiríṣi, àwọn obìnrin tó jókòó àti àwọn tó gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ dání. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran Demeter. Síbẹ̀, ohun tó parí ẹjọ́ náà kì í ṣe ère kankan. Àfọ́kù ìkòkò kan ni, tí ẹnì kan ti họ orúkọ sí lára: Thesmophoros. Demeter nìyẹn, ẹni tí wọ́n ń ṣe Thesmophoria fún.

Kí ó tó di pé àfọ́kù yẹn jáde, àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń gba ọ̀nà mìíràn lọ. Christian Blinkenberg, ará Denmark, ti walẹ̀ ní Lindos ní Rhodes ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ó ń wá bí ère ńlá Athena tó wà ní Lindos ṣe rí, torí ère náà ti sọnù tipẹ́. Ó wá ṣàkíyèsí pé ní Sísílì, ní Gela àti Akragas tí Gela tẹ̀ dó, ère obìnrin kan wọ́pọ̀ tó jókòó gangan, tí wọ́n so ọ̀ṣọ́ ní ìlà méjì mẹ́ta kọjá àyà rẹ̀, tí pín-ìn-nì ńlá dì í mú ní èjìká. Ó ronú pé: àwọn ará Rhodes ló tẹ Gela dó, nítorí náà Athena ti Lindos ni wọ́n ń mọ. Àlàyé tó dùn ún gbọ́ ni, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Inú ìwé mùsíọ̀mù lóríṣiríṣi ni wọ́n ti ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ní Athena. Ìṣòro rẹ̀ ni pé inú ojúbọ Demeter àti ọmọ rẹ̀ ni àwọn ère náà pọ̀ sí jù. Mi ò bú Blinkenberg. Ojú ère ló wò, ó sì yẹ kó wo ilẹ̀ tí wọ́n ti hú u.

Ẹ wo Selinunte, ní ìwọ̀-oòrùn Sísílì. Ojúbọ Demeter Malophoros tó wà níbẹ̀ ti mú nǹkan bí 12,000 ère amọ̀ jáde. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn dẹ́rù bà yín. Ohun tí wọ́n bá ti fi fún òrìṣà, ti òrìṣà ni. Kò gbọ́dọ̀ padà sí ọjà, wọn ò gbọ́dọ̀ dà á sí ààtàn. Bí ojúbọ bá kún, wọ́n á gbẹ́ kòtò sínú ọgbà òrìṣà náà, wọ́n á kó àwọn àgbà ère sínú rẹ̀, wọ́n á bò wọ́n mọ́lẹ̀, àyè á sì ṣí fún àwọn tuntun. Nígbà tí àwọn ará Carthage láti Àríwá Áfíríkà pa Selinunte run ní ọdún 409 ṣáájú ìbí Kristi, wúrà àti fàdákà ni ọmọ ogun ń wá. Ta ló fẹ́ kó amọ̀?

Kí ni wọ́n ń fi wọ́n tọrọ? Plato, amòye ará Áténì, nínú òfin tó fẹ́ fi lélẹ̀ fún ìlú, ń kùn pé àwọn èèyàn, pàápàá àwọn obìnrin, àwọn aláìsàn àti àwọn tó wà nínú ewu, máa ń ya ohunkóhun tó bá wà nítòsí sí mímọ́, wọ́n á sì máa jẹ́jẹ̀ẹ́ ẹbọ àti ojúbọ. Ìnira ló rí, ó sì fẹ́ fi òfin dá a dúró. Níwọ̀n bí obìnrin kò ti ní ohùn nínú ìgbìmọ̀ Áténì, tí kì í sì í lọ jẹ́jọ́ fúnra rẹ̀, èmi kò mọ ibòmíràn tí Plato fẹ́ kó lọ sunkún sí.

Mo ti sọ pé orí “tàbí” ni mo dúró sí. “Tàbí” méjì ló wà, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Èyí àkọ́kọ́, amọmọláńgidi ló fi í sílẹ̀ fún ẹni tó rajà, kó lè parí rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tó bá dé ojúbọ. Èkejì, olè ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí àwọn olè tó ń walẹ̀ bá hú ère lóru ní Sísílì tàbí ní gúúsù Ítálì, tí wọ́n tà á fún alárinà, tí alárinà gbé e kọjá ẹnubodè, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ sẹ́yìn ni ọ̀bẹ, egungun ẹlẹ́dẹ̀, ìkòkò tó dojú délẹ̀, àfọ́kù tí orúkọ wà lára rẹ̀. Ère dé ilé ọlọ́rọ̀ láìsí ẹlẹ́rìí. Ní 2008, Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà dá orí, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mábù ti àwọn òrìṣà obìnrin méjì padà fún Ítálì, èyí tí wọ́n wú níkọ̀kọ̀ ní Morgantina, ìlú àtijọ́ kan ní Sísílì. Àwọn onímọ̀ gbà pé ìjókòó ni wọ́n wà, ara igi tí wọ́n ní sì ti jẹrà tipẹ́. Wọ́n wà ní mùsíọ̀mù Aidone báyìí, nítòsí ilẹ̀ tí wọ́n ti jáde. Mábù ni, owó ńlá wà lórí rẹ̀, ẹjọ́ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ère amọ̀ kò lówó lórí tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà, ta ló máa bá wọn pẹjọ́? Wọ́n wà káàkiri, olúkúlùkù pẹ̀lú “tàbí” tirẹ̀.

Nígbà tí mo dé ibí yìí, màmá kan tó jókòó níwájú gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé àwọn tó ni ère yìí fúnra wọn mọ ẹni tó jẹ́?” Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ohun tí Plato kọ nípa Socrates, olùkọ́ rẹ̀, ẹni tí kì í sábà jáde kúrò nínú ìlú. Ọjọ́ kan, òun àti Phaedrus ọ̀rẹ́ rẹ̀ rìn dé ẹ̀bá odò Ilissos lẹ́yìn odi Áténì, oòrùn mú, wọ́n ń wá ibòji. Wọ́n dé abẹ́ igi ńlá kan tí omi tútù ń ṣàn nísàlẹ̀ rẹ̀. Socrates yin igi náà, ó yin afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó ti ẹsẹ̀ bọ omi. Ó wá rí àwọn ọmọláńgidi àti ère tí àwọn èèyàn fi síbẹ̀. Ó ní ó jọ pé ilé àwọn Nymph, òrìṣà obìnrin inú omi àti igbó, àti ti Achelous, òrìṣà odò, ni wọ́n dé yìí. Kò gbé ìkankan nínú wọn. Ó bá koríko wò, ó rí i pé ó rọ̀, òun náà sì fẹ̀yìn lélẹ̀.